Tọ́bò Inú Àpò Ìrẹsì: Ìtàn Golf GTI Kan Tí Kò Fà Mọ́

Okùn ni wọ́n fi fà á wọlé. Golf GTI pupa, ìran karùn-ún, ọdún 2007, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, 118,000 máìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Òjò ti ṣú n'Íbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì sì ń tì í láti ẹ̀yìn kó lè gun gegele ẹnu ọ̀nà wa kí òjò tó dé. Ẹni tó ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, jókòó sídìí sítíárì. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ Volkswagen.”

“À ń gbìyànjú. Kí ló ṣe é?”

“Kò fà mọ́ sà. Mo ti pààrọ̀ tọ́bò, síbẹ̀ kò fà.”

Ọ̀rọ̀ tọ́bò yẹn ló mú mi gbé ìwé jáde. Mo ní ìwé ńlá kan tí mo máa ń kọ ìtàn ọkọ̀ sí. Bí oníbàárà bá ti pààrọ̀ tọ́bò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìtàn ibẹ̀ ti gùn nìyẹn, bí n kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, màá gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ló rà á lọ́wọ́ ẹnìkan tó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, kó ṣáà rà á kó máa wà á lọ. Oṣù kìíní dùn. Nígbà tó yá, bó bá ṣíná sí i láàárọ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tó bá sì tó bí ìṣẹ́jú méjì, á dákẹ́. Iná check engine tàn. Lọ́jọ́ kan tó ń gun òkè Mápó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì àti ẹrù kámẹ́rà, ọ̀kadà kọjá lára rẹ̀, ó ní ojú ti òun. Mẹkáníìkì ìtòsí ilé rẹ̀ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rin àti kọ́ìlì mẹ́rin. Gbígbọ̀n náà dín kù, kò lọ. Ni wọ́n bá sọ fún un pé tọ́bò ti kú. Wọ́n ra tọ́bò Belgium, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ní Ládípọ̀, wọ́n dè é. Agbára kò padà wá, èéfín aláwọ̀ búlúù ló kún un.

Kí n tó lọ jìnnà, fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tú ẹ́ńjìnnì yìí rí: TFSI 2.0 ni, ìran tí wọ́n ń pè ní EA113, agbára ẹṣin 200. Òun náà ló wà nínú Jetta, Passat, Audi A3 àti A4 ìgbà náà, nítorí náà ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ GTI nìkan là ń sọ. Tọ́bò K03 kékeré ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Epo kì í gba ẹnu fáàfù wọlé bíi ti ọkọ̀ àtijọ́. Inú síléńdà gan-an ni injector ń tú u sí, ipá sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù inú táńkì ń gbé e wá pẹ̀lú nǹkan bíi 6 bar (bar la fi ń wọn ipá). Èkejì, tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, ń tì í dé nǹkan bíi 110 bar. Pọ́ọ̀ǹpù kejì yìí kò ní mọ́tò tirẹ̀. Orí ìpẹ̀kun káámù ló jókòó sí, ìyẹn káámù tó ń ṣí fáàfù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Igun mẹ́ta wà lára káámù náà níbẹ̀ tó ń ti ọ̀pá pọ́ọ̀ǹpù sókè. Láàárín igun yẹn àti ọ̀pá náà, irin kékeré kan wà tó rí bí ìdérí ìgò oògùn ikọ́. Fólówà là ń pè é. Ẹ fi í sọ́kàn.

Mo ki skánà bọ̀ ọ́. Kóòdù mẹ́rin ló gbé jáde: P0299, tọ́bò kò fẹ́ atẹ́gùn tó, P0171, atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ, P0300, síléńdà ń pa iná jẹ, àti P0087, ipá epo kéré. Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, mo kọ ọ́ tán ni mo kọjú sí ohun tí oníbàárà ń pariwo, ìyẹn tọ́bò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

A tú hóòsì tọ́bò. Ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Mo fi ìka méjì mú imú ọ̀pá tọ́bò Belgium yẹn, mo mì ín sọ́tùn-ún sósì, abẹ rẹ̀ ń kan ògiri. Tọ́bò tó bá ń mì báyìí kò lè pẹ́, òun ló sì ń mu ọ́ìlì tó ń di èéfín.

Mo bi í pé, “Níbo ni èyí tí wọ́n tú wà?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí bóòtù. Àpò ìrẹsì kan wà níbẹ̀, wọ́n so ó lẹ́nu. “Màmá mi ló ní n kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún wọn sà. Wọ́n ní ohun tí mo fi owó rà ni.”

Kí Ọlọ́run bá mi bùkún ìyá náà. A tú àpò. Tọ́bò inú rẹ̀ yí geere, kò mì, kò sí abẹ tó ṣẹ́, apá wastegate rẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí tọ́bò fẹ́ jù, ń lọ ń bọ̀ bó ṣe yẹ. Àmọ́ diverter valve tó wà lára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ tú u wò. Nọ́ọ̀tù mẹ́ta péré. Mo tú u, mo yí i padà sí ìmọ́lẹ̀: rọ́bà inú rẹ̀ ti ya láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìdajì, ó là gbàgà bí ẹnu ẹja. Iṣẹ́ fáàfù yìí ni pé bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, atẹ́gùn tí tọ́bò ti kì jọ á rí ọ̀nà yí padà. Tí rọ́bà bá ya, ọ̀nà yẹn kì í pa dé mọ́. Tọ́bò á máa fẹ́ atẹ́gùn, atẹ́gùn á máa padà sẹ́nu rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní rí nǹkan kan gbà. Ohun tí wọ́n pè ní ikú tọ́bò nìyẹn. A ra irú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, tó ń lo písítìnì kékeré dípò rọ́bà. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó tọ́bò Belgium.

A dá tọ́bò àkọ́kọ́ padà sáyè rẹ̀. Agbára wá, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n òwúrọ̀ ṣì wà, P0171 sì tún padà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tó ń fà á. Nígbà tó ṣí, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀. PCV ti bàjẹ́ nìyẹn, fáàfù tó ń kó èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí ọ̀nà atẹ́gùn. Èyí rọrùn, a pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìdọ̀tí tí PCV ti kó sílẹ̀ ni kò rọrùn. A sọ manifold kalẹ̀, ìyẹn páìpù tó ń pín atẹ́gùn fún síléńdà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò fáàfù. Ẹ wo ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n ti fi dáná igi fún ọdún mẹ́wàá: bẹ́ẹ̀ ni. Èédú dúdú tó ní ọ̀rá ti gun ọrùn fáàfù kọ̀ọ̀kan títí tí ọrùn náà fi sanra bí àtàǹpàkò. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, epo tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló máa ń fọ fáàfù. Nínú èyí, epo kì í débẹ̀ rárá, oru ọ́ìlì nìkan ló ń débẹ̀, ooru sì ń yan án mọ́ ọn.

Ọjọ́ méjì la fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ rọra. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù síléńdà tí ẹ fẹ́ fọ̀ á fi pa dé pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èédú á bọ́ sórí písítìnì. A da kábùrétọ̀ klínà sí i, a fi sílẹ̀ kó mu ún, a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti bọ́rọ́ọ̀ṣì wáyà họ ọ́, a fa ìdọ̀tí jáde, a sì fi aṣọ nù ún gbẹ kí a tó yí i lọ sí òmíràn. Ìka mi dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀kọ òun.

Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ padà, ó ṣíná láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ọkọ̀ tuntun. Mo gbé e gun Mápó, ó fò ó. Mo nu kóòdù kúrò, mo gba owó, mo kọ “ó parí” sínú ìwé.

Ọjọ́ kẹrin, fóònù dún. Ọ̀gá fọ́tò ni. Ó wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, ó tẹ tọ́tù, ọwọ́ rev dé 4,000, ọkọ̀ sì sùn lábẹ́ rẹ̀. “Ọ̀gá, tírélà yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn mi sà.” N kò gbàgbé ohùn rẹ̀.

Nígbà tó dé, kóòdù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. P0087.

Kóòdù tí mo ti rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, tí mo sì fọwọ́ ara mi nù. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé bí gbogbo nǹkan yòókù bá ti dára, òun náà á lọ. Kò sí ìdí kankan tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ní gígun Mápó, n kò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó láti mọ̀.

A wọn ipá epo láti táńkì: ó dára. Mo fi skánà sí i, ọmọ iṣẹ́ mi ń wà á, èmi ń wo nọ́ńbà. Bó ṣe tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, bréènì ọkọ̀ ń béèrè 105 bar, 38 ló ń rí gbà, ó sì ń wálẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù orí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. A rí Belgium rẹ̀ rà. Lọ́jọ́ tó dé, mo ní ìsìnkú ní Ọ̀yọ́, mo bá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi àgbà bá mi dè é. Ìdè mẹ́ta péré ló mú un, kò tó iṣẹ́ wákàtí kan. Mo dé lálẹ́, ọkọ̀ ń dún dáadáa, nọ́ńbà pé. Inú gbogbo wa dùn.

Inú dídùn ọjọ́ mẹ́ta ni. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n tún fi okùn fà á wọlé.

Lọ́tẹ̀ yìí èmi fúnra mi ló tú pọ́ọ̀ǹpù. Mo ki ìka bọ ihò náà, mo yọ fólówà. Ihò wà láàárín rẹ̀. Ihò róbótó, ó mọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló lu ú, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gbé e sókè, mo ń fi ojú ihò náà wo ojú ọ̀run. Ọmọ iṣẹ́ mi dúró lẹ́yìn mi.

Ó ní, “Ọ̀gá, bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo tú ti àkọ́kọ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ni.”

Ìbínú dé ọrùn mi. Mo tún wo ihò yẹn. Ọmọ yẹn kò parọ́. Ẹni tí kò bá rí fólówà tuntun rí, tó wá bá ihò tó gún régé bẹ́ẹ̀ láàárín irin, kí ló fẹ́ mú un mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀? Ọdún mẹ́ta ló ti lò lọ́dọ̀ mi, n kò fi tuntun hàn án rí lọ́jọ́ kan. Mo gbé ìbínú náà mì.

Ìdí tí pọ́ọ̀ǹpù Belgium tí a rà fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Ojú fólówà ní ìbora dúdú líle tó ń jẹ́ kí káámù yọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ìbora yẹn bá jẹ tán, irin ń jẹ irin, títí ojú rẹ̀ á fi lu. Lẹ́yìn náà ọ̀pá pọ́ọ̀ǹpù á gba inú ihò náà kọjá, á máa fi orí lu káámù fúnra rẹ̀. Orí ọ̀pá á máa jẹ, ó ń kúrú, ìgbésókè rẹ̀ ń dín kù, ipá epo ń wálẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù tí a mú dé ní ọ̀pá tó gùn bó ṣe yẹ, nítorí náà ipá padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni káámù fi jẹ òun náà.

Mo pe Ọ̀gá fọ́tò sí ọ́fíìsì, ìyẹn abẹ́ igi máńgòrò wa, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. “Owó pọ́ọ̀ǹpù tó bàjẹ́ yìí, ọrùn mi ló wà. Owó iṣẹ́ náà, n kò gbà á. Ṣùgbọ́n káámù ti jẹ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi, o sì gbọ́dọ̀ rà á.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí n tà á báyìí sà?”

“Ta lo fẹ́ tà á fún? Ẹni tí yóò tún máa fi okùn fà á bọ̀ wá bá mi?”

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tó korò, ó ní ká ṣe é.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ìdérí òkè kúrò, táímìn bẹ́líìtì kúrò, ṣéènì kékeré tó so káámù méjèèjì pọ̀ lápá gíábọ́ọ̀sì kúrò. Mo sàmì sí gbogbo rẹ̀ kí n tó tú u. Orí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ́, àwọ̀ búlúù ooru wà lára wọn. Mo fi èékánná fà á, èékánná há. Ní Ládípọ̀, káámù mẹ́ta ni mo wò kí n tó ra ọ̀kan. Èékánná yìí náà ni mo fi wò wọ́n. Ẹni tó ń ta èyí àkọ́kọ́ ní kí n má da ara mi láàmú, pé ó ń dán. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí nǹkan ti họ wà nínú dídán náà.

Gbogbo irin tó jẹ yẹn ti lọ síbì kan. A sọ sáńpù, àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kó ẹ̀rún irin bí iyanrìn etí odò, sẹ́ẹ́ ẹnu ibi tí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì ti ń fà sì ti dí dé ìdajì, nǹkan dúdú tó ki bí ẹ̀gbo tútù. Ẹni tó bá dè káámù tuntun láìwo ibẹ̀ ti da owó oníbàárà nù sódò.

Ni mo bá béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Irú ọ́ìlì wo lò ń dà sí i?”

“20W-50 sà. Òun ni bàbá mi ń dà sí Peugeot wọn.”

Ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ 5W-40 tó ní àmì VW 502 00 lára gálọ́ọ̀nù, lítà 4.6 pẹ̀lú fílítà, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Káámù kì í yí lórí fólówà yẹn, ṣe ló ń fi ara nu ún, ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn nìkan ló yà wọ́n. Àmọ́ n kò di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ náà. Irú ìdọ̀tí tó wà nínú sẹ́ẹ́ yẹn kì í ṣe ti oṣù mẹ́rin. Ẹni tó tà á fún un tàbí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìjẹun náà tipẹ́, òun kàn wá bá a nídìí àwo tó ṣófo ni.

A parí rẹ̀, mo fi wákàtí kan wà á lójú títì márosẹ̀ pẹ̀lú skánà lórí ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ mi. Tó béèrè 105, 104 tàbí 105 ló ń rí.

Láti ìgbà náà, a kì í nu kóòdù kankan tí a kò bá tíì lè sọ ohun tó fà á, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ní ẹ́ńjìnnì yìí, a ń tú ìdè mẹ́ta yẹn wo fólówà ní gbogbo ìgbà kejì tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bí dúdú ojú rẹ̀ bá ti ń ṣí, a kì í dá a padà. Àwọn tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n pè mí pé kí n bá wọn wò ó, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń ṣí, ṣáájú bọ́dì, ṣáájú AC. Olówó ọkọ̀ tó bá kọ̀ kí n ṣí i, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀. Àwọn kan á ní TFSI tó dé lẹ́yìn 2008, EA888, kò ní irú fólówà yìí mọ́, pé ti ìyẹn ń yí. Òótọ́ ni. Ìyẹn náà ní tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì tirẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù, ìtàn rẹ̀ wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé mi.

Mo kan pákó kan mọ́ ògiri, mo sì so fólówà mẹ́ta mọ́ ọn: tuntun, èyí tí dúdú rẹ̀ ti ṣí tí irin ń dán, àti èyí tó lu. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ kìíní ló ń fọwọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀gá fọ́tò gbé ọkọ̀ náà wá láìpẹ́ yìí fún ìgbà kejì tí a ó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Mo wà lábẹ́ Passat kan, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti dé. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó na àkísà kan sí mi. Fólówà ló wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì ṣì ń kán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “kò tíì jẹ.”